Ìlà Báírò Lábẹ́ Gbólóhùn Kan

Páálí ọṣẹ kan wà lórí àjà ilé wa ní Ọ̀tà tí ẹnikẹ́ni kò tú láti ọjọ́ tí mo ti relé ọkọ. Nígbà ọyẹ́ tó kọjá, àbúrò mi fẹ́ pààrọ̀ páànù ilé náà, ló bá pè mí pé kí n wá kó ẹrù mi kí káfíńtà tó gun òkè. Mo bọ́ sílẹ̀ lábẹ́ afárá Ṣàngó, mo wọ kẹ̀kẹ́ Maruwa, eruku àti èéfín tírélà sì sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ìwé mọ́kànlá ló wà nínú páálí náà. Mẹ́fà jẹ́ Mills & Boon, mẹ́ta jẹ́ Pacesetters, ọ̀kan jẹ́ Sweet Valley High tí èèpo ẹ̀yìn rẹ̀ ti já, ìkọkànlá sì ni Ó Le Kú tí Akínwùmí Ìṣọ̀lá kọ. Kòkòrò ti jẹ wọ́n létí, ṣùgbọ́n òórùn tí mo mọ̀ mọ́ wọn kò tíì lọ, òórùn bébà àtijọ́ àti ọṣẹ ìfọṣọ, nítorí iléeṣẹ́ ọṣẹ ni bàbá mi ti ń ṣiṣẹ́ kó tó fẹ̀yìn tì.

Ọjọ́ kan péré ni mo ní lọ́kàn láti lò. Ọjọ́ mẹ́rin ni mo lò. Ojoojúmọ́ tí àwọn káfíńtà bá ti lọ, mo ń jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀, mo ń ka àwọn ìwé náà tẹ̀lé ara wọn, bí mo ṣe ń kà wọ́n nígbà tí mo wà ní ọmọ iléèwé gírámà.

Ní alẹ́ ọjọ́ kejì ni mo bá ìlà báírò kan pàdé nínú ọ̀kan lára wọn. Báírò búlúù ni, rúlà ni wọ́n sì fi fà á, kò wọ́ rárá. Abẹ́ ibi tí ọkùnrin inú ìtàn náà ti di ọmọbìnrin náà lọ́rùn ọwọ́ mú ni ìlà náà wà. Ọmọbìnrin náà fẹ́ jáde kúrò nínú yàrá. Ó ní kó fi òun sílẹ̀. Ọkùnrin náà kò fi í sílẹ̀, ó tún fà á mọ́ra, ọ̀rọ̀ sì tán lẹ́nu ọmọbìnrin náà. Létí ojú ewé náà, ẹnì kan ti kọ ọ́ síbẹ̀ pé: ìfẹ́ tòótọ́.

Èmi ni mo kọ ọ́. Ọmọ ọdún 15 ni mí nígbà náà. Ọmọ ọdún 15 náà ni ọmọbìnrin tí mo fi sílé wá sí Ọ̀tà lọ́sẹ̀ yẹn. Mo pa ìwé náà dé, n kò sì lè ṣí òmíràn mọ́ lálẹ́ ọjọ́ náà.

Ọkùnrin kan wà nígbà yẹn tó máa ń tẹ́ tapólì sílẹ̀ ní ẹ̀bá Tógéètì, níbi tí àwọn èrò Abẹ́òkúta ti ń wọkọ̀. (Ó ti pẹ́ tí ìjọba ti wó tógéètì ọ̀hún, ṣùgbọ́n orúkọ náà ṣì ni gbogbo ayé ń pe ibẹ̀.) Ìwé àlòkù ló ń tà, ṣùgbọ́n yíyá ni àwa ọmọ iléèwé máa ń yá a. O máa san náírà kan fún alẹ́ kan, o sì gbọ́dọ̀ dá a padà kó tó di agogo méje òwúrọ̀ kejì, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ó di náírà méjì. Ewé kàlẹ́ńdà la fi ń dì í, kí olùkọ́ má baà rí ọkùnrin àti obìnrin tó dì mọ́ra wọn lẹ́yìn ìwé. Ọwọ́ márùn-ún, mẹ́fà ni ìwé kan máa ń dé láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní kíláàsì wa. Nígbà tí mo dàgbà ni mo tó mọ̀ pé kì í ṣe Ọ̀tà nìkan ni wọ́n ti ń yá a bẹ́ẹ̀. Ọdún 1908 ni Gerald Mills àti Charles Boon dá iléeṣẹ́ Mills & Boon sílẹ̀ ní Lọ́ńdọ̀nù, oríṣiríṣi ìwé ni wọ́n sì kọ́kọ́ ń tẹ̀. Láàárín ọdún 1930 sí 1939 ni wọ́n gbájú mọ́ ìtàn ìfẹ́, àwọn ṣọ́ọ̀bù tó ń yá èèyàn ní ìwé lówó kékeré ni wọ́n sì ń tà á fún jù. Àwọn ọmọbìnrin tó ń ṣiṣẹ́ ní iléeṣẹ́ àti ní ọ́fíìsì ló ń yá a kà lọ́hùn-ún. Bó ṣe rí lọ́dọ̀ wa náà nìyẹn. Ilé tó ń gbé ìwé jáde ní Kánádà, Harlequin, ló ra iléeṣẹ́ náà ní ọdún 1971, láti ìgbà náà ni ìwé ọ̀hún sì ti ń ya bí omi wọ gbogbo ayé.

Pacesetters ní tirẹ̀ dà bí ọmọ ilé. Macmillan ló bẹ̀rẹ̀ sí í tẹ̀ ẹ́ ní 1977, Agbo Areo ló wà nídìí ètò náà, ìwé tirẹ̀, Director!, sì wà lára àwọn tó kọ́kọ́ jáde. Ó lé ní 100 ìwé tí wọ́n tẹ̀ kí ọwọ́ wọn tó rọlẹ̀. Inú rẹ̀ ni mo ti kọ́kọ́ rí ọmọbìnrin tó wọ dánfó nínú ìwé ìfẹ́, tó jẹ ẹ̀bà, tí ìyá onílé ń bá jà nítorí owó ilé. Mo fẹ́ràn Evbu My Love tí Helen Ovbiagele kọ ní 1980 jù lọ. Òun náà ni ẹni tó wá ń bójú tó ojú ewé àwọn obìnrin nínú ìwé ìròyìn Vanguard fún ọ̀pọ̀ ọdún lẹ́yìn náà, mo sì máa ń wá orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìròyìn bí ẹni ń wá orúkọ àǹtí rẹ̀. Ní ti Sweet Valley High, tí Francine Pascal dá sílẹ̀ ní 1983, n kò ní púpọ̀ láti sọ. Àwọn ìbejì ọmọ ọdún 16 ní California, tí wọ́n ń fi mọ́tò gbé ara wọn kiri, tí ẹnikẹ́ni kì í bi léèrè ibi tí wọ́n ti ń bọ̀. A kà á bí ẹni ń wo fọ́tò ìlú tí a kò ní dé.

Ṣùgbọ́n kì í ṣe kíkà ni mo fi mọ àwọn ìwé yìí jù. Gbígbọ́ ni.

Ilé oníyàrá mẹ́wàá là ń gbé nígbà náà, márùn-ún kọjú sí márùn-ún, kí bàbá mi tó kọ́lé tirẹ̀. Àǹtí kan wà ní yàrá kẹrin lápá òsì. Ó ti ṣe wáẹ́ẹ̀kì, ó sì yege, ṣùgbọ́n owó kò sí láti tẹ̀ síwájú, ló bá gba iṣẹ́ kaṣúà ní iléeṣẹ́ oníke kan lójú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò. Ọ̀sẹ̀ tó bá ṣe ṣíìfù àárọ̀, ilé ló máa ń wà lálẹ́. Bí Nẹ́pà bá ti mú iná lọ, tí ooru kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni lè wọlé sùn, àwọn obìnrin inú ilé á kó àpótí ìjókòó síta. Àǹtí á gbé lántà rẹ̀ jáde, á mú ìwé tó yá ní Tógéètì dání, á sì máa kà á fún wọn ní Yorùbá. Gẹ̀ẹ́sì ló wà nínú ìwé náà, Yorùbá ló ń jáde lẹ́nu rẹ̀, kò sì dúró wá ọ̀rọ̀ rí. Títí di òní, n kò tíì gbọ́ ẹni tó mọ̀ ọ́n ṣe tó bẹ́ẹ̀.

Àwọn tó ń gbọ́ ọ kì í ṣe ẹni tó ń dákẹ́ gbọ́ ìtàn. Ìyá mi á béèrè iṣẹ́ tí ọkùnrin náà ń ṣe. Ìyá alágbàfọ̀ tó wà ní yàrá kejì á fẹ́ mọ ìdí tí ọmọbìnrin náà fi ń dá gbé ilé ọkùnrin tí kì í ṣe ọkọ rẹ̀, àti pé ṣé bàbá rẹ̀ ti kú ni. Ọ̀pọ̀ ìgbà, bàbá rẹ̀ ti kú lóòótọ́! Mo tún wo gbogbo Mills & Boon mẹ́fẹ̀ẹ̀fà lọ́jọ́ mẹ́rin yẹn: nínú márùn-ún, ọmọbìnrin náà kò ní òbí mọ́, tàbí kí òbí rẹ̀ wà níbi tó jìnnà réré. Àwọn obìnrin ilé wa ti rí ihò yìí láìka ìwé. Ta ni alárinà wọn? Ta ló ṣe ìwádìí ìdílé? Àǹtí á ní, “Ẹ jọ̀ọ́, òyìnbó ni wọ́n, wọn kì í ṣe ìyẹn.” Á sì máa ka ìtàn rẹ̀ lọ.

Ìyá bàbá mi ló béèrè èyí tí n kò gbàgbé. Ẹ̀gúsí ló ń bó lálẹ́ ọjọ́ náà, kò gbójú sókè. Àǹtí ti dé ibi tí ọkùnrin náà fi ẹnu ko ọmọbìnrin náà lẹ́nu tipátipá, tí ọmọbìnrin náà sì wá mọ̀ pé òun ti ń fẹ́ràn rẹ̀ tipẹ́. Màmá ní, “Ohùn ọmọ náà ńkọ́?”

Kò sẹ́ni tó lóye ohun tó ń bi wọ́n. Ló bá gbé abọ́ ẹ̀gúsí sílẹ̀, ó ṣàlàyé ìṣíhùn fún wa. Ọkùnrin tó bá rí ọmọbìnrin tó wù ú, ó ní, alárinà ló máa rán sí i. Alárinà á lọ, á bọ̀. Ọmọbìnrin náà lè sá lọ gba ẹ̀yìnkùlé, ó lè dijú, ó lè dákẹ́ fún oṣù mẹ́fà. Kò sẹ́ni tó lè bínú sí i. Ọjọ́ tó bá lanu tó ní òun gbà, ọjọ́ náà ni ọkùnrin náà máa san owó ìṣíhùn, ẹ̀yìn ìyẹn ni ẹbí tó lè wá tọrọ ìyàwó, kí ìdána tó dé. “Owó tí wọ́n kọ́kọ́ ń san, owó ohùn rẹ̀ ni,” ni Màmá wí. “Ẹni tí wọn kò tíì ṣí lóhùn, kí ni wọ́n ń fọwọ́ kàn án sí?”

Àwọn obìnrin rẹ́rìn-ín, Àǹtí náà rẹ́rìn-ín, ìtàn sì ń bá a lọ. Èmi kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n n kò gba ọ̀rọ̀ Màmá gbọ́ náà. Lójú mi, ohun àwọn ará àtijọ́ ni. Ìwé ni mo gbà gbọ́.

Mo gbọ́dọ̀ fi èyí kún un, nítorí n kò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni rò pé mò ń sọ pé ayé àtijọ́ dára ju tiwa lọ. Ó tó ọdún kan lẹ́yìn náà tí Màmá fi sọ fún mi, èmi àti òun nìkan, pé wọ́n ti fi òun fún bàbá bàbá mi kí òun tó gbọ́njú. Àfẹ́sọ́nà ni wọ́n fi òun ṣe. Kò sẹ́ni tó ṣí òun lóhùn. Ó mọ àṣà náà dáadáa, ó mọ iye rẹ̀, kò sì kàn án. Bóyá ìdí nìyẹn tó fi jẹ́ òun, nínú gbogbo wọn, ló gbọ́ ìdákẹ́jẹ́ẹ́ ọmọbìnrin inú ìwé òyìnbó náà.

Ní báyìí tí mo tún ka àwọn ìwé náà, ohun tó ń bà mí nínú jẹ́ ni bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tán lẹ́nu àwọn ọmọbìnrin náà lójú ewé tó yẹ kí wọ́n ti sọ̀rọ̀ jù. Nọ́ọ̀sì ni wọ́n, akọ̀wé ni wọ́n, olùtọ́jú ọmọ ni wọ́n, ọ̀gá wọn níbi iṣẹ́ ni ọkùnrin náà sì fẹ́rẹ̀ẹ́ máa ń jẹ́ nígbà gbogbo. Ó máa ń bínú. Ó máa ń jowú. Ó lè pa á lẹ́kún lójú ewé 60, ìwé náà á sì ní ìfẹ́ ló ń dà á láàmú. Bí ọmọbìnrin bá sọ pé rárá, ìwé á sọ fún wa pé ara rẹ̀ ti gbà, ẹnu rẹ̀ nìkan ni kò tíì mọ̀. Mo ka gbólóhùn bẹ́ẹ̀ tó ìgbà mẹ́rin nínú ìwé mẹ́ta. Tí ó bá fi máa di nǹkan bí ojú ewé 190, ọ̀gá ti fẹ́ akọ̀wé, gbogbo ìbínú àtẹ̀yìnwá ti di ẹ̀rí ìfẹ́.

Ìlú tí mo ti ń ka ìyẹn, ìlú ọ̀gá àti òṣìṣẹ́ ni. Láti Ṣàngó títí wọ ojú ọ̀nà Ìdí-Ìrókò, iléeṣẹ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ iléeṣẹ́: ike, irin, ọtí, ọṣẹ, oúnjẹ, bébà. Àwọn ọmọbìnrin tó ṣẹ̀ṣẹ̀ jáde iléèwé máa ń tò sẹ́nu géètì kí ilẹ̀ tó mọ́. Kaṣúà kò ní ìwé ìgbanisíṣẹ́. Ọkùnrin tó di báírò mú ní ẹnu géètì ló máa sọ bóyá orúkọ rẹ wà lónìí tàbí kò sí. Bí irú ọkùnrin bẹ́ẹ̀ bá ní òun fẹ́ràn rẹ, báwo ni wàá ṣe sọ̀rọ̀ tí kò ní jọ pé o ń sọ̀rọ̀ nípa oúnjẹ rẹ? Kò sí ìkankan nínú ìwé mọ́kànlá náà tó béèrè ìbéèrè yẹn.

Sùpáfáísọ̀ kan ló ń fẹ́ Àǹtí. Ọkùnrin tó dúró dáadáa ni, kì í rẹ́rìn-ín. Ó máa ń wá sílé wa lọ́jọ́ Àìkú, á gbé bisikíìtì fún àwọn ọmọdé. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kan, mò ń bọ̀ láti lẹ́sìnnì, mo rí àwọn méjèèjì níbi tí wọ́n ti ń wọkọ̀ ní Ṣàngó. Wọ́n ń jà. Àǹtí yí padà kó máa lọ, ọkùnrin náà sì di í lọ́rùn ọwọ́ mú. Àǹtí ní kó fi òun sílẹ̀. Kò fi í sílẹ̀. Èrò pọ̀ níbẹ̀, ẹlẹ́kọ, oníbúrẹ́dì, kọ̀ńdọ́, gbogbo wọn ló rí i. Èmi náà rí i, ohun tó sì wá sí mi lọ́kàn lọ́jọ́ náà ni mo gbọ́dọ̀ sọ síbí yìí bó ṣe rí gan-an: inú mi dùn fún Àǹtí. Mo rò pé ìtàn rẹ̀ ti dé ojú ewé tó dára. Mo dúró lẹ́yìn ọkọ̀ kan, mo ń wò wọ́n, bẹ́ẹ̀ ni mo mọ Àǹtí, mo mọ ohùn rẹ̀, mo sì mọ̀ pé kì í fi ohùn yẹn ṣeré. Ìwé ti kọ́ mi láti má gbọ́ ohùn náà.

Ó tó oṣù mélòó kan lẹ́yìn náà kí Àǹtí tó kọ ọkùnrin náà pátápátá. Ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni orúkọ rẹ̀ kò sí ní ẹnu géètì mọ́. Ó kó kúrò nílé wa, kò sì sẹ́ni tó tún ka ìwé fún wa lálẹ́.

Mo rántí pé ojú mi kò gba Ó Le Kú nígbà tí wọ́n fún wa kà níléèwé. Ọdún 1974 ni Ìṣọ̀lá ti kọ ọ́, ó ti pẹ́ kí ó tó kàn wá. Àjàní, akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì Ìbàdàn, ń fẹ́ obìnrin ju ẹyọ kan lọ, kò sì mọ èyí tí yóò mú. Ó máa ń ṣe mí bíi pé èèyàn ti pọ̀ jù nínú ìfẹ́ wọn: ìyá, bàbá, ọ̀rẹ́, ará ilé. Mo fẹ́ kí wọ́n kúrò lọ́nà kí àwọn méjì lè dá wà. Fíìmù tí Túndé Kèlání ṣe nínú rẹ̀ ní 1997, tí Yẹmí Ṣódímú ti ṣe Àjàní, ló jẹ́ kí ọ̀pọ̀ èèyàn fẹ́ràn ìtàn náà. Ìró kékeré tó mọ orúnkún, tí wọ́n ń pè ní ó le kú, tún padà gbòde nígbà yẹn, èmi náà rán tèmi. Ṣùgbọ́n ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ lọ́jọ́ kẹta, ìwé náà ni mo kà títí ilẹ̀ fi ṣú. Àwọn obìnrin inú rẹ̀ ń sọ̀rọ̀. Wọ́n ń bi Àjàní léèrè, wọ́n ń bá a wí, wọ́n ní ilé tí wọ́n ti wá àti ẹni tó lè gbèjà wọn. Ọwọ́ ọkùnrin náà ṣì ni yíyàn wà, ìyẹn kò tẹ́ mi lọ́rùn, mo sì mọ̀ pé àwọn obìnrin ló san owó iyèméjì rẹ̀. Síbẹ̀ Ìṣọ̀lá kò bo iye owó náà mọ́lẹ̀ fún wa. Kò pè é ní ìfẹ́ tòótọ́. Nígbà tí bàbá náà kú ní oṣù kejì ọdún 2018, mo ṣọ̀fọ̀ rẹ̀ nítorí eré Ẹfúnṣetán Aníwúrà tó kọ. Ìsinsìnyí ni mo tó mọ ohun tó ti sọ fún mi kí n tó lè gbọ́.

Àwọn kan ti fẹ́ fi iná yanjú irú ọ̀rọ̀ báyìí. Ní Kano ní 2007, gómìnà ìpínlẹ̀ náà nígbà yẹn, Ibrahim Shekarau, dáná sun àwọn ìwé ìfẹ́ èdè Haúsá ní gbangba ní iléèwé àwọn ọmọbìnrin. Obìnrin ló kọ ọ̀pọ̀ nínú àwọn ìwé ọ̀hún, bíi Balaraba Ramat Yakubu, wọ́n sì ń sọ̀rọ̀ nínú rẹ̀ nípa àwọn ọmọbìnrin tí wọ́n fi fọ́kọ láìbéèrè lọ́wọ́ wọn. Inú mi kò dùn sí iná náà nígbà tí mo gbọ́, inú mi kò sì dùn sí i títí di òní. Ìwé tí mo bá ní páálí, n kò lè sun ún. Ohun tí iléeṣẹ́ atẹ̀wé Cassava Republic ṣe ló tẹ́ mi lọ́rùn: ní òpin ọdún 2014 ni wọ́n dá Ankara Press sílẹ̀ láti máa tẹ ìtàn ìfẹ́ tí obìnrin inú rẹ̀ mọ ohun tó ń fẹ́, tó sì ń sọ ọ́. Fún ọjọ́ Valentine ọdún 2015, wọ́n gbé àkójọ ìtàn ìfẹ́ jáde lọ́fẹ̀ẹ́, tí wọ́n sì túmọ̀ sí èdè abínibí, Yorùbá wà níbẹ̀. Mo ti fi ránṣẹ́ sí fóònù ọmọ mi.

Ní ọjọ́ kẹrin, mo mú ìwé tó ní ìlà báírò náà, mo wọkọ̀ lọ sí Ìjòkó. Àǹtí ń ta ọjà wẹ́wẹ́ níbẹ̀, mílíìkì, mágí, ọṣẹ, nínú ṣọ́ọ̀bù tí kò jìnnà sí ojú irin. Ọkọ tó fẹ́ lẹ́yìn náà ti kú, àwọn ọmọ rẹ̀ ti dàgbà. Mo kúnlẹ̀ kí i, ó fà mí dìde. Nígbà tó rí ẹ̀yìn ìwé náà, ó pariwo.

Mo sọ fún un pé kó kà á fún mi bíi ti tẹ́lẹ̀. Ó wá awò ojú rẹ̀, ó fi etí ìró nù ún, ó sì bẹ̀rẹ̀. Yorùbá náà tún ń jáde, kò dúró wá ọ̀rọ̀, àfi pé ohùn rẹ̀ ti rẹlẹ̀ díẹ̀. Ó kà á dé ibi tí ìlà wà. Ó wo ohun tí mo kọ sí etí ojú ewé, ó wò mí, kò sọ nǹkan kan. Ó wá ń kà á lọ pé ọkùnrin náà di ọmọbìnrin náà lọ́rùn ọwọ́ mú, ọmọbìnrin náà sì wò ó lójú, ó ní, “Mo ní kí o fi mí sílẹ̀. Ohùn mi lò ń gbọ́ yẹn.” Ọkùnrin náà sì fi í sílẹ̀.

Mo ní, “Àǹtí, kò sí nínú ìwé bẹ́ẹ̀ o.”

“Mo mọ̀,” ló dá mi lóhùn, ó sì ṣí ojú ewé kejì. Ọmọdébìnrin kan wá ra mágí, ó na owó sí i. Àǹtí ní kó jókòó díẹ̀, òun kò tíì kà á tán.